Owó wà nínú ẹja tí wọ́n dá padà sómi: Kí ni iṣẹ́ amọ̀nà apẹja, kí ló sì kan Tamale níbẹ̀?

Bí ẹ bá dé ọjà Tamale ní àríwá Ghana láàárọ̀, òórùn ẹja yíyan ló máa kọ́kọ́ pàdé yín. Ẹja Yapei wà níbẹ̀, ti Buipe wà níbẹ̀, ti Yeji tó wà létí adágún Volta náà kò gbẹ́yìn.

Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni gbogbo èèyàn mọ ẹja sí nínú ọjà náà: kí wọ́n pa á, kí wọ́n yan án, kí wọ́n tà á. Ní èdè Yorùbá pàápàá, ẹja pípa ni orúkọ iṣẹ́ yìí.

Ṣùgbọ́n ní àwọn orílẹ̀èdè kan, iṣẹ́ mìíràn wà tó dà bí àlọ́ létí ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Oníbàárà á san owó ńlá fún ẹni tó mọ odò. Ẹni náà á mú un lọ síbi tí ẹja wà, wọ́n á jọ mú ẹja, wọ́n á wò ó dáadáa, wọ́n á sì dá a padà sínú omi.

Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ni wọ́n ń pè ní fly fishing guide, ìyẹn amọ̀nà fún àwọn tó ń fi ìwọ̀ oníyẹ̀ẹ́ wá ẹja, pàápàá ẹja trout, nínú odò orí òkè.

Kò sí irú odò bẹ́ẹ̀ ní Tamale, kò sì sí ẹja trout níbẹ̀. Àmọ́ ìbéèrè tó wà nídìí iṣẹ́ náà kan gbogbo ẹni tó ń gbé lẹ́bàá odò White Volta: ṣé ẹja tó wà láàyè lè mú owó wọlé bíi ti ẹja tó wà nínú agbọ̀n?

Tamale kì í ṣe ìlú àjèjì sí ọ̀pọ̀ ìdílé Yorùbá. Láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ìgbòho, Ìgbẹ́tì àti Ṣakí ni àwọn oníṣòwò ti lọ ń tajà níbẹ̀ kí ìjọba Kofi Busia tó kéde lóṣù Kọkànlá ọdún 1969 pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò ní Ghana láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn kan padà síbẹ̀ lẹ́yìn náà. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ odò tó ń fún ìlú yìí ní omi àti ẹja kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀nà jíjìn fún wa.

Kí ni ìwọ̀ oníyẹ̀ẹ́?

Nínú ìwọ̀ tí a mọ̀, ìjẹ ló ń wúwo. Apẹja á fi ekòló tàbí ẹja kékeré sí ẹnu ìwọ̀, á so òjé mọ́ okùn rẹ̀, á sì jù ú sínú omi.

Ìwọ̀ oníyẹ̀ẹ́ yàtọ̀ sí èyí. Ìjẹ rẹ̀ kì í ṣe ohun abẹ̀mí. Ìyẹ́ ẹyẹ, irun ẹran àti òwú ni wọ́n ń wé mọ́ ìwọ̀ kékeré kan títí tí yóò fi jọ kòkòrò tó bà sójú omi.

Torí pé ìyẹ́ fúyẹ́, kò ṣeé jù lọ́nà jíjìn. Okùn fúnra rẹ̀ ni wọ́n ṣe nípọn kó lè wúwo. Apẹja á na ọ̀pá sẹ́yìn, á dúró díẹ̀ kí okùn náà lè tò tán lẹ́yìn rẹ̀, á tún nà án síwájú. Okùn ló máa gbé ìyẹ́ náà lọ, tí yóò sì bà sójú omi wẹ́rẹ́ bí ẹni pé kòkòrò ló já bọ́ láti orí ewé.

Ọgbọ́n yìí ti pẹ́ láyé. Ní nǹkan bí 1,800 ọdún sẹ́yìn ni Aelian, òǹkọ̀wé ará Róòmù, ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn ará Macedonia ń wé òwú pupa àti ìyẹ́ àkùkọ mọ́ ìwọ̀ láti fi tan ẹja jẹ. Ní ọdún 1653 ni Izaak Walton tẹ ìwé The Compleat Angler jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìwé náà sì wà lára èyí tó sọ ẹja wíwá di eré ìdárayá fún àwọn tí ebi kò pa.

Kòkòrò ni ìwé tí amọ̀nà ń kà

Omi tútù, tó mọ́, tó ń sáré láàárín òkúta ni ẹja trout fẹ́ràn. Kòkòrò ló pọ̀ jù nínú oúnjẹ rẹ̀.

Ọ̀kan lára àwọn kòkòrò náà ni wọ́n ń pè ní mayfly. Inú omi ló ń yé ẹyin sí. Ọmọ rẹ̀ á máa gbé lábẹ́ òkúta fún oṣù púpọ̀, nígbà mìíràn á tó ọdún kan. Lọ́jọ́ tí àsìkò rẹ̀ bá pé, á gòkè wá sójú omi, á hu ìyẹ́, á fò lọ wá ẹnìkejì rẹ̀, á yé ẹyin, á sì kú. Ọ̀pọ̀ wọn kì í lò ju ọjọ́ kan tàbí méjì lọ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti hu ìyẹ́.

Ẹja mọ àsìkò yẹn. Amọ̀nà náà gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n.

Ìdí nìyí tí amọ̀nà tó mọṣẹ́ kì í fi sáré ju ìwọ̀ sómi. Ó máa kọ́kọ́ wọnú odò, á gbé òkúta kan sókè, á yí i padà láti wo kòkòrò tó lẹ̀ mọ́ abẹ́ rẹ̀. Bó bá rí i pé abẹ́ omi ni ẹja ti ń jẹun lọ́jọ́ náà, ìyẹ́ tó ń léfòó lójú omi kò ní wúlò. Á mú èyí tó rì, tó sì jọ ọmọ kòkòrò.

Ohun tí oníbàárà ń sanwó fún gan-an ni ìmọ̀ yìí. Ẹni tó lówó lè ra ọ̀pá olówó iyebíye ní ọjọ́ kan, ṣùgbọ́n kò lè fi ọjọ́ kan mọ odò.

Kí ni amọ̀nà máa ń ṣe láti àárọ̀ dalẹ́?

Iṣẹ́ amọ̀nà ti bẹ̀rẹ̀ kí oníbàárà tó jí. Ó máa wo ojú ọjọ́, ó máa wo bí omi ṣe ga tó àti bó ṣe mọ́ tó, kó tó pinnu apá ibi tí wọ́n máa lọ.

Bí oníbàárà bá dé, amọ̀nà á wo ọwọ́ rẹ̀. Ẹlòmíràn ti ń ṣe é fún ogún ọdún, ẹlòmíràn kò fọwọ́ kan ọ̀pá rí. Ọ̀pọ̀ ìgbà ló jẹ́ pé olùkọ́ ni amọ̀nà jẹ́ fún wákàtí àkọ́kọ́.

Ó máa fi ibi tó yẹ kí oníbàárà dúró sí hàn án. Ẹja trout máa ń kọjú sí ibi tí omi ti ń bọ̀, nítorí pé láti ibẹ̀ ni oúnjẹ rẹ̀ ti ń ṣàn wá. Nítorí náà, ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ gbà wá, kí òjìji wọn má sì bọ́ sójú omi. Bí ẹja bá ti rí òjìji, ó ti lọ nìyẹn.

Láàárín ọjọ́ náà, amọ̀nà ló máa tú okùn tó bá lọ́ mọ́ ẹ̀ka igi, òun ló máa so ìwọ̀ tuntun, òun ló máa gbé oúnjẹ ọ̀sán, òun ló sì máa di èèyàn mú bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá yọ̀ lórí òkúta.

Bí ẹja bá wọlé, iṣẹ́ tó gbẹgẹ́ jù ló kù. Amọ̀nà á fi àwọ̀n kékeré gba ẹja náà, á sì jẹ́ kó wà nínú omi. Á kọ́kọ́ rẹ ọwọ́ rẹ̀ sómi kó tó fọwọ́ kàn án, torí pé ọwọ́ gbígbẹ máa ń ṣí yọ̀ọ̀yọ̀ tó bo ara ẹja, èyí tó ń dáàbò bò ó lọ́wọ́ àìsàn.

Lẹ́yìn náà ló máa yọ ìwọ̀ kúrò. Ọ̀pọ̀ amọ̀nà máa ń tẹ ẹ̀gún ẹnu ìwọ̀ náà mọ́lẹ̀ ṣáájú kó má baà ya ẹnu ẹja. Ó máa wá kọ orí ẹja sí ibi tí omi ti ń ṣàn bọ̀ títí tí yóò fi mí dáadáa, kó tó jẹ́ kó lọ.

Ẹja kan náà yẹn ni oníbàárà mìíràn lè sanwó láti wá bá lóṣù tó ń bọ̀.

Báwo ni owó ṣe ń wọlé?

Ọjọ́ ni wọ́n fi ń ṣírò owó iṣẹ́ yìí. Nígbà mìíràn, ilé iṣẹ́ kan ló máa gba owó lọ́wọ́ oníbàárà, tí yóò sì san ti amọ̀nà fún un. Oníbàárà tí inú rẹ̀ dùn á tún fún amọ̀nà ní ẹ̀bùn lọ́wọ́, ọ̀pọ̀ wọn ló sì gbójú lé ẹ̀bùn yìí.

Iṣẹ́ ìgbà ni. Nígbà òtútù, tí yìnyín bá bo òkè, amọ̀nà á wá iṣẹ́ mìíràn ṣe, tàbí kó jókòó sílé máa wé ìyẹ́ mọ́ ìwọ̀ fún ọdún tó ń bọ̀.

Ní àwọn ibì kan, òfin dè é. Ní ìpínlẹ̀ Montana ní Amẹ́ríkà, amọ̀nà gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ ìjọba, ó sì gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ lábẹ́ ilé iṣẹ́ tó ní ìwé àṣẹ tirẹ̀.

Ooru náà ń fi òfin lélẹ̀. Ní Montana yìí kan náà, bí omi odò kan bá ń gbóná tó nǹkan bí 23°C fún ọjọ́ mẹ́ta léraléra, ìjọba lè kéde pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe wá ẹja níbẹ̀ láti aago méjì ọ̀sán títí di òru. Ẹja trout tí wọ́n bá mú nínú omi gbígbóná lè kú bí wọ́n tilẹ̀ dá a padà. Bí ayé ṣe ń gbóná sí i, ọjọ́ iṣẹ́ àwọn amọ̀nà ń kúrú sí i.

Báwo ni trout ṣe dé Áfíríkà?

Yàtọ̀ sí àwọn òkè Atlas ní àríwá Áfíríkà, ẹja trout kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà. Àwọn òyìnbó amúnisìn ló gbé e wá torí eré ìdárayá wọn.

Ní ọdún 1890 ni ẹyin trout láti Scotland pa ní Natal, ní gúúsù Áfíríkà. Ní ọdún 1905, Ewart Grogan kó trout láti Scotland wá sínú odò Gura tó wà lórí òkè Aberdare ní Kenya. Títí di òní, àwọn èèyàn ṣì ń wá trout nínú àwọn odò tó ń ṣàn wá láti Aberdare àti òkè Kenya. Lesotho náà ní tirẹ̀.

Àmọ́ àlejò yìí ba ilé jẹ́. Ó ń jẹ àwọn ẹja kéékèèké tó jẹ́ onílé nínú odò. Ní Lesotho, trout wà lára ohun tó ń lé ẹja kékeré kan tó ń jẹ́ Maloti minnow kúrò láyé. Ní South Africa, awuyewuye ti pẹ́ láàárín àwọn tó ń fi trout ṣòwò àti àwọn tó ń dáàbò bo ẹja ìbílẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé gbígbé ẹja àjèjì wọnú odò kì í ṣe nǹkan eré. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní adágún Victoria fi èyí hàn: nígbà tí wọ́n kó Nile perch síbẹ̀ ní àwọn ọdún 1950, ó jẹ ọ̀pọ̀ irú ẹja ìbílẹ̀ tán pátápátá.

Kí ló dé tí trout kò lè gbé ní Tamale?

Ìdí rẹ̀ ni ooru. Trout nílò omi tí kì í sábà kọjá 20°C. Omi tútù ló ń gba afẹ́fẹ́ ọ́síjìn mọ́ra jù, bí omi bá sì ṣe ń gbóná ni afẹ́fẹ́ náà ń dínkù nínú rẹ̀.

Ìlú Tamale kò ga tó 200 mítà sí òkun. Lóṣù Kẹta àti Kẹrin, ooru ọ̀sán níbẹ̀ máa ń súnmọ́ 40°C. Òkè Afadja tó ga jù ní Ghana kò ju 885 mítà lọ, apá ìlà oòrùn ló sì wà, ó jìnnà sí Tamale.

Ṣùgbọ́n odò agbègbè náà ní ẹja tirẹ̀. Èpìyà wà níbẹ̀, àrọ̀ wà níbẹ̀. Hydrocynus tí eyín rẹ̀ mú bí ayùn wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni Nile perch tó lè wúwo tó 200 kílò.

Odò Volta ni Nile perch ti wà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, kì í ṣe àlejò níbẹ̀ bíi ti Victoria. Àwọn ẹja ńláńlá wọ̀nyí sì wà lára èyí tí àwọn tó ń fi ìwọ̀ oníyẹ̀ẹ́ ṣeré ń wá kiri ayé. Ní àríwá Cameroon, nínú odò Faro tó ń ṣàn sínú odò Benue, àwọn àlejò ń wá láti òkè òkun tí wọ́n ń fi ìwọ̀ oníyẹ̀ẹ́ wá Nile perch, tí amọ̀nà sì ń darí wọn.

Èyí túmọ̀ sí pé odò ilẹ̀ gbígbóná ní Ìwọ̀ oòrùn àti Àárín Gbùngbùn Áfíríkà náà lè gba irú iṣẹ́ yìí, láìgbé ẹja àjèjì kankan wọlé.

Omi tó ń sáré àti kòkòrò tó ń fọ́ni lójú

Ohun kan wà tó yẹ kí ẹ mọ̀ nípa odò tó ń sáré ní àríwá Ghana. Ní òkè òkun, kòkòrò tó ń gbé nínú irú omi bẹ́ẹ̀ ló ń pe àlejò wá. Ní agbègbè Volta, kòkòrò inú omi kan náà ló lé onílé kúrò nílé.

Simulium ni orúkọ eṣinṣin dúdú kékeré náà. Inú omi tó ń sáré lórí òkúta ló ń pa ọmọ sí. Bó bá jẹ èèyàn, ó lè fi aràn kan sí i lára, aràn náà á máa bí sí i lábẹ́ awọ, á máa yún èèyàn, nígbẹ̀yìn á sì fọ́ ọ lójú. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pè é ní àìsàn ìfọ́jú ẹ̀bá odò.

Ilẹ̀ tó lọ́ràá jù ló wà lẹ́bàá odò, síbẹ̀ àwọn èèyàn sá kúrò níbẹ̀ ní odindi abúlé.

Ní ọdún 1974, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan láti gbógun tì í ní orílẹ̀èdè méje: Benin, Burkina Faso, Côte d'Ivoire, Ghana, Mali, Niger àti Togo. Hẹlikópítà ni wọ́n fi ń da oògùn sínú odò láti pa ọmọ eṣinṣin náà. Láti ọdún 1987 ni ilé iṣẹ́ Merck ti ń fi oògùn ivermectin ta àwọn èèyàn lọ́rẹ.

Dókítà Ebrahim Samba, ọmọ Gambia, darí ètò náà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tó fi máa parí ní ọdún 2002, orílẹ̀èdè 11 ló ti wà nínú rẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ó gba èèyàn 600,000 lọ́wọ́ ìfọ́jú, ilẹ̀ oko tó tó mílíọ̀nù 25 hẹ́kítà sì padà di èyí tó ṣeé gbé.

Àìsàn náà kò tíì tán pátápátá. Síbẹ̀, bí èèyàn bá lè dúró létí odò lónìí ní agbègbè yìí láìbẹ̀rù ojú rẹ̀ bíi ti àtijọ́, iṣẹ́ àwọn tó kọ́ ìwà eṣinṣin kan láti ìgbà ẹyin títí dé ìgbà ìyẹ́ ló mú un rọrùn.

Àwọn amọ̀nà tó ti wà ní àríwá Ghana

Iṣẹ́ amọ̀nà kì í ṣe tuntun ní agbègbè Tamale. Ìrìn wákàtí mélòó kan láti ìlú náà ni ọgbà ẹranko Mole wà, tó fẹ̀ tó nǹkan bí 4,840 kìlómítà níbùú lóròó. Ọdún 1971 ló di ọgbà orílẹ̀èdè. Níbẹ̀, àwọn ẹ̀ṣọ́ ọgbà tó gbé ìbọn dání ló ń mú àlejò fẹsẹ̀ rìn lọ wo erin.

Àwọn náà ń ka ilẹ̀ bí amọ̀nà apẹja ṣe ń ka omi: ipasẹ̀ ẹsẹ̀, ìgbẹ́ ẹran, ewé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já, ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí.

Èyí tó tún súnmọ́ iṣẹ́ amọ̀nà odò jù ni ti Wechiau ní ẹkùn Upper West. Láti ìparí àwọn ọdún 1990 ni àwọn ará ìlú náà fúnra wọn ti ya apá odò Black Volta tó gùn tó nǹkan bí 40 kìlómítà sọ́tọ̀ fún erinmi. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe pa á. Ọmọ ìlú ló ń fi ọkọ̀ ojú omi gbé àlejò lọ wò ó.

Ohun tó mú Wechiau yàtọ̀ ni pé ará ìlú ló ni ètò náà. Owó tí àlejò san kò gba orí wọn kọjá lọ sí ìlú ńlá.

Kí ló lè dènà irú iṣẹ́ yìí lórí odò White Volta?

Àkọ́kọ́ ni omi fúnra rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ọdún, láàárín oṣù Kẹjọ sí Kẹsàn-án, Burkina Faso máa ń tú omi sílẹ̀ láti dáàmù Bagre. White Volta á kún, oko á rì, àwọn abúlé ẹ̀bá odò á sì sá kúrò nílé. Kò sí amọ̀nà tó gbọ́dọ̀ gbé àlejò sórí odò lásìkò náà.

Ìkejì ni bí wọ́n ṣe ń pa ẹja. Òfin ẹja pípa tí Ghana ṣe ní ọdún 2002 ka lílo májèlé àti ohun abúgbàmù léèwọ̀. Síbẹ̀, kẹ́míkà àti àwọ̀n olójú kékeré ṣì ń pa ọmọ ẹja ní ọ̀pọ̀ ibi. Odò tí wọ́n bá da májèlé sí kì í mọ ẹja ńlá yàtọ̀ sí kékeré.

Ìkẹta ni ìwakùsà láìgbàṣẹ, tí àwọn ará Ghana ń pè ní galamsey. Ó ti sọ omi ọ̀pọ̀ odò ní Ghana di ẹrẹ̀. Ewu rẹ̀ fún Tamale ju ti ẹja lọ, torí pé láti inú White Volta ní Nawuni ni wọ́n ti ń fa omi tí ìlú náà ń mu.

Ìkẹrin ló le jù, òun sì ni wọ́n kì í sábà sọ: apẹja tí ọmọ rẹ̀ ń retí oúnjẹ alẹ́ kò lè dá ẹja padà sómi nítorí pé àlejò fẹ́ràn rẹ̀. Bí owó àlejò kò bá dé ọwọ́ rẹ̀, kò sí ìdí tó fi yẹ kó gbà. Níbi tí irú ètò yìí ti fìdí múlẹ̀, apẹja àná ló sábà máa ń di amọ̀nà òní.

Fífi ẹja sílẹ̀, ṣé àṣà òyìnbó ni?

Ẹnìkan lè sọ pé mímú ẹja kí a tún fi í sílẹ̀ jẹ́ ìyà lásán fún ẹja. Àríyànjiyàn yìí wà lókè òkun náà, kò sì tíì parí. Ní Switzerland àti Jámánì, òfin kò fọwọ́ sí i kí èèyàn máa mú ẹja kìkì láti fi í sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n pé kí ẹja wà nínú odò kí ẹnikẹ́ni má pa á, kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Ní igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí UNESCO kà mọ́ ogún àgbáyé ní ọdún 2005, èèwọ̀ ni láti pẹja nínú odò náà. Ẹja ibẹ̀ ń jẹ̀ kiri láìbẹ̀rù, àwọn èèyàn sì ń ti ọ̀nà jíjìn wá.

Ní Argungu ní ìpínlẹ̀ Kebbi, wọ́n máa ń dá odò sí títí di ọjọ́ àjọ̀dún. Sarkin Ruwa ló ń ṣọ́ omi náà. Lọ́jọ́ náà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún apẹja á bọ́ sínú odò pẹ̀lú àwọ̀n ọwọ́ àti igbá ńlá. UNESCO kà á mọ́ ogún àṣà ní ọdún 2016.

Ọ̀ṣun fi èèwọ̀ dá ẹja sí, Argungu fi ọjọ́ dá a sí, Wechiau fi owó àlejò dá erinmi sí. Ọ̀nà wọn yàtọ̀, ṣùgbọ́n ní ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹnìkan wà tí gbogbo ìlú gbà pé òun ló ń ṣọ́ omi.

Kí ló yẹ kí ọ̀dọ́ tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ amọ̀nà odò mọ̀?

• Kó mọ odò kan dáadáa: ibi tó jìn, ibi tí òkúta wà, ìgbà tó ń kún àti ìgbà tó ń fà.

• Kó mọ omi wẹ̀, kó mọ ìtọ́jú pàjáwìrì, kó sì rí i pé gbogbo ẹni tó wà nínú ọkọ̀ wọ ẹ̀wù aláfẹ́fẹ́ tí kì í jẹ́ kéèyàn rì.

• Kó máa tẹ́tí sí ìkéde lórí dáàmù Bagre lásìkò òjò.

• Kó mọ orúkọ ẹja, ẹyẹ àti kòkòrò ní èdè ìbílẹ̀, kó sì lè ṣàlàyé wọn ní èdè tí àlejò gbọ́.

• Kó gba àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba àti lọ́wọ́ baálẹ̀ abúlé tó ni ẹ̀bá odò náà.

• Kó mọ ìgbà tó yẹ kó sọ pé "a kò lọ lónìí", bí oníbàárà tilẹ̀ ti sanwó.

Èyí tó kẹ́yìn yìí ni àwọn tó mọ iṣẹ́ náà ń fi dá amọ̀nà gidi mọ̀. Oníbàárà fẹ́ ẹja, amọ̀nà sì fẹ́ owó, ṣùgbọ́n odò kò mọ èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Ìyá tó ń ta ẹja ní ọjà Tamale àti àlejò tó ń dá ẹja padà sómi lè má lóye ara wọn láéláé. Àmọ́ odò kan náà ló ń bọ́ àwọn méjèèjì. Bí májèlé àti ẹrẹ̀ bá pa odò náà, agbọ̀n ìyá yóò ṣófo, amọ̀nà kò sì ní rí ibì kankan mú àlejò lọ.